Físà ìbẹ̀wò ló wà lọ́wọ́ àbúrò mi, ẹjẹ́ǹtì ní tó bá ti dé Kánádà ó máa di ti iṣẹ́. Ṣé òótọ́ ni?

Ọmọ_Ìgbógbó

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí torí ilé wa ò fararọ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Àbúrò mi obìnrin ń ṣiṣẹ́ láàbù ní ọsibítù aládàáni kan ní Sábó níbí ní Ìkòròdú, OND ló ní, poli wa tó ti di yunifásítì yìí náà ló ti ṣe é. Àbúrò màmá wa kan wà ní Brampton ní Kánádà, oyún wà nínú wọn, ọkọ wọn ń ṣiṣẹ́ alẹ́, wọ́n wá kọ lẹ́tà pé kí àbúrò mi wá bá àwọn wẹ ọmọ torí eékún ríro ò jẹ́ kí màmá wa lè jókòó pẹ́ nínú bàálù. A fi ìwé sílẹ̀, ká má parọ́ a ò retí nǹkan kan, àfi bí wọ́n ṣe ní kó gbé páálí ẹ̀ wá. Físà jáde! Ó lè wọlé kó jáde kó tún wọlé títí páálí yẹn fi máa kú ní 2029.

Inú wa ṣì ń dùn lọ́wọ́ ni bọ̀dá ẹjẹ́ǹtì kan tó ní ọ́fíìsì lókè ilé ní Agric gbọ́, ló bá wá bá màmá wa nílé. Ó ní ṣé ọmọ tó ti rí ọ̀nà Kánádà lẹ fẹ́ ní kó lọ máa fọ aṣọ ọmọ kó tún padà wá sí Ìkòròdú, ṣé kò sí olóye nínú ilé yìí ni? Ó ní òun ní ọ̀gá kan ní Ontario tó ti ní LMIA (ìwé tí ìjọba ibẹ̀ ń fún ọ̀gá kó lè gba òṣìṣẹ́ láti òkèèrè) nílẹ̀, tí ọmọ yìí bá ti balẹ̀ báyìí wọ́n á yí físà ìbẹ̀wò yẹn sí work permit (ìwé àṣẹ láti ṣiṣẹ́) níbẹ̀ láìjẹ́ pé ó jáde nílùú. Tí iṣẹ́ yẹn bá sì fẹ́ pẹ́, òun á fi orúkọ ẹ̀ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì kan, wọ́n á fún un ní study permit (ìwé àṣẹ láti kàwé) níbẹ̀ náà. Mílíọ̀nù mẹ́rin náírà. Ìdajì báyìí, ìdajì tí LMIA bá ti dé ọwọ́ ẹ̀.

Màmá wa ti ń wá oníbàárà sí ilẹ̀ tí bàbá wa fi sílẹ̀ fún wa ní Ìmọ́tà. Ilẹ̀ tí èmi ń bá ọmọ onílẹ̀ jà lé lórí látọdún yìí wá! Mi ò ní kí àbúrò mi má rí ṣe o, ẹ má gbọ́ mi lódì, ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ̀ bóyá nǹkan tí ọkùnrin yẹn ń sọ wà lóòótọ́. Ṣé ẹni tó fi físà ìbẹ̀wò wọlé lè dúró kó ṣiṣẹ́ tàbí kó kàwé? Tí kì í bá ṣe Kánádà ńkọ́, ìlú wo ló gbà á? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀ ẹ bá wa sọ̀rọ̀.

Lúkẹ́_Ẹbúté

Bọ̀dá, ó ṣeé ṣe o. Èmi tí mò ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, Ẹbúté ni wọ́n ti bí mi, físà ìbẹ̀wò ni mo bá wá ní 2023, Brampton náà ni mo sọ̀ sí. Mo rí ọ̀gá kan, ó ṣe LMIA fún mi, mo fi ìwé work permit sílẹ̀ látinú yàrá tí mò ń sùn, ìwé jáde, mi ò jáde nílùú rárá. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yẹn máa bọ̀. Àwọn tó bá máa sọ pé kò ṣeé ṣe, àwọn ni ò fẹ́ kí ẹlòmíì wá bá àwọn.

Àǹtí_Wúrà_Winnipeg

Lúkẹ́ ò parọ́, ṣùgbọ́n nǹkan tó ń sọ yẹn ti parí. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé dáadáa torí òun gan-an ni àwọn ẹjẹ́ǹtì ṣì ń tà fáwọn èèyàn nílé.

Nígbà Kòrónà, tí gbogbo bàálù dúró, àwọn àlejò há sí Kánádà, ilé iṣẹ́ náà ò sì rí òṣìṣẹ́. Ìyẹn ni ìjọba fi ṣe ètò kan ní oṣù kẹjọ 2020 pé ẹni tó bá wá ṣe àlejò, tó bá ti rí ọ̀gá tó ní LMIA fún un, kó fi ìwé work permit sílẹ̀ láti inú ìlú, kó má ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Fún ìgbà díẹ̀ ni wọ́n ṣe é, wọ́n kàn ń fi ọjọ́ kún un ni. Wọ́n ti ní ó máa dé oṣù kejì 2025, àfi bí wọ́n ṣe já a kúrò lọ́jọ́ 28 oṣù kẹjọ 2024 láì retí ọjọ́ tí wọ́n dá. Ìdí tí wọ́n fi já a, wọ́n ní wọ́n fẹ́ dín iye àwọn tó wà nílùú fún ìgbà díẹ̀ kù, wọ́n sì ní àwọn ẹlẹ́tàn ti ń lò ó láti ti àlejò sẹ́nu iṣẹ́ tí wọn ò ní ìwé ẹ̀. Ẹni tó bá ti fi ìwé sílẹ̀ kí ọjọ́ yẹn tó pé ni wọ́n ṣe tiẹ̀. Látìgbà náà, àlejò tó bá fẹ́ work permit, ìta ìlú ló ti máa béèrè ẹ̀. Ìyẹn ni pé Ìkòròdú.

Kì í ṣe pé òfin ní kí àlejò má wá iṣẹ́ o. Àbúrò yín lè bá ọ̀gá sọ̀rọ̀, ó lè lọ ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, kò sẹ́ni tó máa mú un. Tó bá rí ọ̀gá tó fẹ́ gbà á, kó padà wálé kó fi ìwé sílẹ̀ níbẹ̀, kó sì dúró de èsì. Kó kàn má tíì fọwọ́ kan iṣẹ́ yẹn rárá kí pámíìtì tó jáde.

Ọ̀rọ̀ LMIA yìí ló ń bí mi nínú jù. Ẹ gbọ́ o: ọ̀gá tó fẹ́ gba òṣìṣẹ́ ló ń béèrè LMIA lọ́wọ́ ìjọba Kánádà, ẹgbẹ̀rún kan dọ́là ibẹ̀ ló sì ń san lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Òfin ò gbà kó gba owó yẹn padà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, ní tààrà tàbí ní kọ̀rọ̀. Nítorí náà tẹ́nì kan bá ní kẹ́ ẹ san mílíọ̀nù méjì nígbà tí LMIA bá jáde, ẹ ti mọ irú ẹni tẹ́ ẹ bá pàdé. Àwọn tó ń ta LMIA pọ̀ débi pé lọ́jọ́ 25 oṣù kẹta 2025 ìjọba yọ máàkì tí wọ́n ń fún èèyàn lórí iṣẹ́ kúrò nínú Express Entry (ètò tí wọ́n fi ń yan àwọn òṣìṣẹ́ tó fẹ́ wá gbé Kánádà títí lọ), kí òwò yẹn lè kú. Òwò náà ò kú ṣá.

Ọmọ_Ìgbógbó

Áà! Àǹtí ẹ ṣé gan-an. Ọkùnrin yẹn fi ìwé kan han màmá wa tí wọ́n kọ LMIA sí lórí, ó ní wo déètì, 2023. Mo rò pé déètì àtijọ́ ń jẹ́ kó túbọ̀ dájú ni. Ti ilé ìwé tó sọ ńkọ́?

Àǹtí_Wúrà_Winnipeg

Ti ilé ìwé: kọ́ọ̀sì tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, àlejò lè ṣe é láìgba pámíìtì kankan, ìyẹn tó bá máa parí ẹ̀ kí ọjọ́ tí wọ́n fún un tó pé. Ó lè lọ kọ́ kọ̀ǹpútà, ó lè lọ kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì, kò burú. Tó bá ti ju ìyẹn lọ, study permit ni, ìta ìlú ni wọ́n sì ti ń béèrè ẹ̀. Àwọn tí wọ́n gbà láyè láti inú ìlú ò pọ̀: ọmọ kékeré tó wà nílé ìwé, ẹni tó wá fún pàṣípààrọ̀, àti ẹni tó ti ṣe kọ́ọ̀sì kékeré kan parí tí ilé ìwé ní kó kọ́kọ́ ṣe kí àwọn tó gbà á wọlé, àtàwọn díẹ̀ míì bẹ́ẹ̀. Ti ìkẹyìn yẹn làwọn ẹjẹ́ǹtì máa ń dì mú tí wọ́n á ní ó ṣeé ṣe. Ó ṣeé ṣe fún ẹni tọ́rọ̀ ẹ̀ bá rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, kì í ṣe pé kéèyàn kàn lọ ra kọ́ọ̀sì ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó ní òun ti débẹ̀.

Owó tí wọ́n máa fẹ́ rí ní bánkì fún ẹnì kan láti oṣù kẹsàn-án 2025 jẹ́ 22,895 dọ́là Kánádà, owó ilé ìwé ò sí nínú ẹ̀, owó bàálù ò sí nínú ẹ̀. Ẹ tún máa nílò lẹ́tà látọ̀dọ̀ ìpínlẹ̀ tí kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn wà, wọ́n dá a sílẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní 2024 láti fi dín iye akẹ́kọ̀ọ́ kù. Mílíọ̀nù mẹ́rin náírà ẹjẹ́ǹtì ò sún mọ́ ibẹ̀ rárá, ẹ bi í pé ta ló fẹ́ san ìyókù.

Lúkẹ́_Ẹbúté

Àǹtí, mo sọ nǹkan tí ojú mi rí ni o, mi ò ní kẹ́nikẹ́ni san mílíọ̀nù mẹ́rin. Ọ̀gá mi ló san gbogbo owó LMIA, ṣọ́ọ̀ṣì la ti mọra, èmi kàn san 155 dọ́là ti pámíìtì. Kò sí ẹjẹ́ǹtì kankan nínú ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká tan ara wa, àwọn èèyàn ṣì ń bọ̀, wọ́n sì ń dúró. Wọ́n á dé, wọ́n á lọ sọ pé àwọn ń sá fún ẹ̀mí àwọn nílé, ìjọba á gba ìwé wọn wọlé, wọ́n á fún wọn ní work permit nígbà tí wọ́n bá ń dúró de ìgbẹ́jọ́.

Àǹtí_Wúrà_Winnipeg

Lúkẹ́, ẹni tí wọ́n fẹ́ pa nílé ni wọ́n ṣe ìyẹn fún. Ọmọ tó wá wẹ ọmọ, tí físà ẹ̀ sọ pé ìbẹ̀wò, tí iṣẹ́ ẹ̀ wà ní Sábó tí wọ́n kọ lẹ́tà fún un pé wọ́n ń retí ẹ̀ padà, tó wá dúró níwájú adájọ́ tó ní wọ́n ń lé òun? Lẹ́tà tó fi gba físà yẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé jáde. Tí wọ́n bá já a, wọ́n máa ní kó jáde nílùú, kò sì ní ọ̀nà láti gbé irú ẹjọ́ yẹn wá mọ́. Tí wọ́n bá rí i pé ó parọ́ nínú ìwé, ọdún márùn-ún ni kò ní lè béèrè físà Kánádà kankan.

Bàbá_Kòfo_Peckham

Ẹ jẹ́ n bá yín dá sí ti Lọ́ńdọ̀nù níbí torí bọ̀dá béèrè ìlú míì. Ó kéré o. Físà ìbẹ̀wò UK, oṣù mẹ́fà, kí ẹni tó fi wọlé yí i sí ti iṣẹ́ tàbí ti akẹ́kọ̀ọ́ láti inú ìlú, kò sí rárá, kò tíì sí rí látìgbà tí mo ti mọ òfin wọn. Ó lè ṣe kọ́ọ̀sì tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ nílé ìwé tí ìjọba fọwọ́ sí, ó tán. Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà tí gbogbo èèyàn fi ń bọ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn ẹ̀ mọ́ àwọn tó wà lókèèrè láti 22 oṣù keje 2025.

Ẹ̀ ń gbọ́ pé àwọn kan ń ṣiṣẹ́ láìní ìwé. Òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe ń rí fún yín, torí ẹni tó ń ṣe é kì í sọ ọ́ nígbà tó bá ń fi fọ́tò ránṣẹ́ sílé. Arákùnrin kan tí mo mọ̀, ará Ọ̀dógunyàn, ìwé ẹlòmíì ló fi ń ṣiṣẹ́. Orúkọ ẹlòmíì ló wà láyà aṣọ ẹ̀, orúkọ yẹn ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, tí wọ́n bá pè é ní orúkọ tiẹ̀ gan-an lọ́nà kì í dáhùn mọ́. Owó oṣù á wọ àpò oníwèé. Oníwèé á yọ tiẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́ta owó yẹn nígbà míì, tí inú bá ń bí i ìdajì, ta lẹ fẹ́ lọ fi sùn? Ó ṣíṣẹ́ Kérésì, ó ṣíṣẹ́ ọjọ́ Àìkú méjì tẹ̀ lé ara wọn, oníwèé ní ọ̀gá ò tíì sanwó, títí di òní. Orí àtẹ̀gùn ló ti ṣubú lọ́jọ́ kan, ọwọ́ wú, kò lọ ọsibítù torí orúkọ ta ló máa fi lọ?

Láti oṣù kejì 2024, ọ̀gá tó bá gba ẹni tí kò ní ìwé lè san tó 45,000 pọ́n-ún lórí ẹnì kan ṣoṣo, tó bá tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì ó lè wọ 60,000. Ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn ọ̀gá máa wo ìwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí kí wọ́n tó bá ẹ sọ̀rọ̀. Àti pé tó bá dúró kọjá oṣù mẹ́fà yẹn ju ọgbọ̀n ọjọ́ lọ, tó bá fi owó ara ẹ̀ lọ ilé, wọ́n lè má fún un ní físà fún ọdún kan. Tó bá jẹ́ ìjọba ló gbé e dá sínú bàálù, ó lè di ọdún mẹ́wàá.

Ọlá_Maryland

Ti Amẹ́ríkà yàtọ̀ díẹ̀, ẹ má kó gbogbo ẹ̀ pọ̀. Níbí, òfin gbà kí ẹni tó bá fi B2 (físà ìbẹ̀wò ibí) wọlé béèrè pé kí wọ́n yí i sí ti akẹ́kọ̀ọ́ láti inú ìlú, fọ́ọ̀mù I-539 ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, ìyẹn sì lè gba oṣù púpọ̀. Àtipé tó bá jẹ́ kò tíì pé àádọ́rùn-ún ọjọ́ tó dé tó ti ń ṣe nǹkan tí kì í ṣe ti àlejò, bíi kó máa ṣiṣẹ́ tàbí kó ti jókòó sí kíláàsì, wọ́n lè gbà pé irọ́ ló pa fún wọn ní ẹ́ḿbásì.

Nǹkan kan tún wà tí àwọn èèyàn wa kì í gbọ́: ọjọ́ tó wà lórí físà kọ́ ni ọjọ́ tẹ́ ẹ máa kúrò. Ọjọ́ tí ọlọ́pàá ẹnu ibodè kọ sí I-94, ìwé ìwọlé yín, ni. Ẹni tó bá kọjá ọjọ́ yẹn ju ọgọ́sàn-án ọjọ́ lọ kó tó kúrò, ọdún mẹ́ta ni kò ní lè padà. Tó bá pé ọdún kan, ọdún mẹ́wàá. Físà Nàìjíríà gan-an, ní oṣù keje 2025, wọ́n sọ ọ̀pọ̀ ẹ̀ di ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta. Ẹni tí ti Amẹ́ríkà bá ń wù, kó lọ wo òfin tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ tó fẹ́ béèrè, kì í ṣe èyí tí ọ̀rẹ́ ẹ̀ lò.

Dúbáì_kò_le

Dúbáì ni kẹ́ ẹ gbé e lọ jàre. Níbí èèyàn lè fi físà ìbẹ̀wò wọlé, kó wá iṣẹ́, kí ilé iṣẹ́ yí i fún un láì jáde. Kó kàn má tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí ìwé tó jáde o, torí láti 2024 ilé iṣẹ́ tó bá gba ẹni tí kò ní pámíìtì lè san láti ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún dírámù dé mílíọ̀nù kan. Tí ọjọ́ ẹ̀ bá sì pé tó ṣì wà níbẹ̀, àádọ́ta dírámù lójúmọ́. Ojoojúmọ́!

Ọmọ_Ìgbógbó

Dúbáì kọ́ ni àǹtí wa wà bọ̀dá mi 😂 Físà Kánádà ló wà nílẹ̀.

Mọ́ńbé_Káfè_Ìtamága

Ẹ̀gbọ́n, mo ní káfè ní Ìtamága, èmi ni mo máa ń bá àwọn èèyàn tẹ fọ́ọ̀mù, mi ò kí ń ṣe ẹjẹ́ǹtì o, owó títẹ̀ nìkan ni mò ń gbà. Nǹkan méjì ni mo fẹ́ sọ.

Èkíní, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ gbowó lọ́wọ́ yín lórí ìwé Kánádà àfi lọ́yà ibẹ̀ tàbí olùrànlọ́wọ́ lọ́yà (paralegal) tí ẹgbẹ́ lọ́yà ibẹ̀ fọwọ́ sí, nótárì Quebec, tàbí ẹni tó ní láísẹ́ńsì lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn, CICC. Orúkọ gbogbo àwọn oníláísẹ́ńsì CICC wà lórí ìkànnì ẹgbẹ́ yẹn, ẹnikẹ́ni lè wò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ ní kí ọkùnrin Agric yẹn fún yín ní nọ́ńbà ẹ̀. Kẹ́ ẹ sì wo bóyá orúkọ tó wà níbẹ̀ bá ojú ẹ̀ mu, torí àwọn kan máa ń fi nọ́ńbà òyìnbó kan dúró.

Èkejì, fóònù àbúrò yín. Àwọn tó wà ní ẹ́ápọ́ọ̀tù Kánádà láṣẹ láti wo inú fóònù àlejò. Oníbàárà mi kan, ó mú físà ìbẹ̀wò dání, báàgì ẹ̀ kún fún ẹ̀gúsí àti aṣọ ọmọ, ó ní ìgbéyàwó lòun ń lọ. Wọ́n ṣí WhatsApp ẹ̀, ohùn ẹjẹ́ǹtì ló wà lókè pátápátá, 'tó o bá ti balẹ̀, Mọ́ńdè lo máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, má jẹ́ kí wọ́n mọ̀.' Ìwé ẹ̀rí OND àti sẹ́fíkéètì NYSC orogún ẹ̀ gan-an wà nínú báàgì. Wọ́n dá a padà. Èmi ni mo tẹ fọ́ọ̀mù yẹn, mo mọ bó ṣe sunkún nínú ṣọ́ọ̀bù mi. Físà kì í ṣe ìdánilójú pé wọ́n á jẹ́ kéèyàn wọlé, ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà ló máa sọ ọ́.

Lúkẹ́_Ẹbúté

Sẹ́fíkéètì orogún ẹ̀ kẹ̀? 😳 Ìyẹn tún ti di nǹkan míì.

Ọmọ_Ìgbógbó

Ẹ kú àárọ̀ o. Mo ti padà dé. Mo pe ẹjẹ́ǹtì yẹn lánàá, mo béèrè nọ́ńbà CICC. Ó kọ́kọ́ ní kí ni mò ń pè bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá ó ní oníláísẹ́ńsì gan-an wà ní Toronto, òun kàn jẹ́ aṣojú ni, ó wá ní èmi ni mi ò fẹ́ kí àbúrò mi gòkè, pé ìlara ló ń dà mí láàmú. Ó pe màmá mi lẹ́yìn ìyẹn, ó ní owó ti wálẹ̀, kí wọ́n mú mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ wá kó tó di Fúráìdè. Màmá wa bá dákẹ́, wọ́n ní ẹni tó ta nǹkan mílíọ̀nù mẹ́rin lọ́sẹ̀ tó kọjá tó wá di méjì ààbọ̀ lónìí, kí ló ń tà gan-an? A ò ta ilẹ̀ mọ́ o.

Ṣùgbọ́n àbúrò mi ń sunkún. Ó ní ṣé gbogbo ọ̀nà ti dí nìyẹn. Kí ni ká wá fi físà yìí ṣe?

Àǹtí_Wúrà_Winnipeg

Kó lò ó! Ta ló ní kó má lọ? Kó lọ wẹ ọmọ, kó rí Kánádà, kó wo òtútù kó mọ̀ bóyá ó ń wù ú lóòótọ́ (àwọn kan máa ń ti ibẹ̀ yí èrò padà, ẹ má rẹ́rìn-ín). Kó bẹ àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì wò ní ojú ara ẹ̀, kó bá àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ láàbù sọ̀rọ̀ pé ìwé wo ni wọ́n ń béèrè, torí iṣẹ́ láàbù níbí ní ẹgbẹ́ tó ń fọwọ́ sí i, OND nìkan lè má tó. Kó padà kí ọjọ́ ẹ̀ tó pé. Ẹni tó bá wá tó sì padà, ó máa wà nínú ìwé ẹ̀ nígbà míì tó bá tún béèrè. Kó wá fi ìwé ilé ìwé sílẹ̀ láti Ìkòròdú.

Bàbá_Kòfo_Peckham

Ó rọrùn láti sọ o àǹtí. Owó bàálù lọ-bọ̀, kó wá padà sídìí owó oṣù ọsibítù aládàáni? Ọmọ tó bá ti rí ibẹ̀, ọkàn ẹ̀ ò ní padà wá sí Sábó mọ́. Mi ò ní kó sá pamọ́ o, ẹ ti rí nǹkan tí mo kọ lókè. Mo kàn ní ká má ṣe bíi pé ó rọrùn.

Sèwánù_Àjàrá

Ẹ jẹ́ kémi ará Àgbádárìgì náà dá sí i. Ẹ̀yin èèyàn Ìkòròdú ò ronú síbí rárá. Faransé! Láti 2023 ni Kánádà ti ń pe àwọn tó gbọ́ Faransé lọ́tọ̀ nínú Express Entry, máàkì tí wọ́n fi ń pè wọ́n sì máa ń kéré gan-an sí ti àwọn yòókù. Èèyàn gbọ́dọ̀ gba ìpele 7 nínú gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: gbígbọ́, sísọ, kíkà, kíkọ. Ẹ sì ní láti ní ó kéré tán ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́ tó wà nínú irú iṣẹ́ tí wọ́n kà sí. Abúlé Faransé ti ìjọba àpapọ̀ wà níbí ní Àjàrá lọ́dọ̀ wa, ibẹ̀ ni àwọn yunifásítì ń kó akẹ́kọ̀ọ́ Faransé wọn wá. Tí Àgbádárìgì bá jìn sí i, Alliance Française wà ní Ìkòyí. Kì í ṣe nǹkan oṣù mẹ́ta o, kó má bà á jẹ́ pé mo tún ń ta ọjà míì fún yín. Ṣùgbọ́n mílíọ̀nù mẹ́rin tẹ́ ẹ fẹ́ fún ẹjẹ́ǹtì, ó máa kọ́ ọ dé ibi tó dáa, kó sì kù.

Ọmọ_Ìgbógbó

Ìyẹn dùn mọ́ mi. Àbúrò mi ṣe Faransé dé SS2, ó ní òun ṣì rántí bonjour 😂 a máa wò ó.

Ìbéèrè tó kù: a ti fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì. Àǹtí wa ní àwọn á máa fún un ní nǹkan lóṣooṣù kó má bà á jókòó lásán, ẹgbẹ̀rún kan dọ́là, torí pé òun ló máa wo ọmọ títí tí wọ́n á fi padà sẹ́nu iṣẹ́. Ṣé kò ní sí wàhálà nínú ìyẹn?

Àǹtí_Wúrà_Winnipeg

Wàhálà wà níbẹ̀. Òfin ibí ò ka kí mọ̀lẹ́bí wá bá mọ̀lẹ́bí tọ́jú ọmọ sí iṣẹ́, tó bá jẹ́ ìbẹ̀wò ló wá tí kò sì gbowó. Tó bá ti di pé wọ́n ń san ẹgbẹ̀rún dọ́là lóṣooṣù kí màmá ọmọ lè lọ síbi iṣẹ́, ọmọ ọ̀dọ̀ ni wọ́n gbà nìyẹn, iṣẹ́ sì ni. Kí àǹtí yín máa bọ́ ọ, kí wọ́n ra aṣọ òtútù fún un, kí wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì ìpadàbọ̀ ẹ̀, ìyẹn ò ní ẹ̀ṣẹ̀. Kí wọ́n má kọ owó oṣù kankan sínú WhatsApp o, kì í ṣe torí ká fi pamọ́, torí pé kí wọ́n má san án rárá ni.

Tó bá ti wọlé, kó wo páálí ẹ̀. Tí wọ́n bá kọ ọjọ́ sí abẹ́ sítáàm̀pù, ọjọ́ yẹn ló gbọ́dọ̀ kúrò. Tí wọn ò bá kọ nǹkan kan, oṣù mẹ́fà láti ọjọ́ tó wọlé ni, 2029 tó wà lórí físà yẹn ò kan ìyẹn rárá. Tí ara àǹtí yín ò bá tètè yá tó fẹ́ fi ọjọ́ kún un, kó fi ìwé sílẹ̀ ní ọgbọ̀n ọjọ́ ó kéré tán kí tiẹ̀ tó pé, ọgọ́rùn-ún dọ́là ni, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló máa ti ṣe é fúnra ẹ̀.

Ọmọ_Ìgbógbó

Mo ti sọ fún àǹtí wa, wọ́n ní àwọn ò mọ̀, wọ́n ti yọ ọ̀rọ̀ owó kúrò. Ọjọ́ kẹrìnlá ló ń lọ. Mọ́ńbé, káfè yín ní Ìtamága, apá ibo gan-an, kó wá tẹ lẹ́tà ìsinmi ẹ̀ tí ọsibítù fún un jáde?

Mọ́ńbé_Káfè_Ìtamága

Tẹ́ ẹ bá ti bọ́ọ́lẹ̀ ní Ìtamága, ẹ bi àwọn ọlọ́kadà ní káfè Mọ́ńbé. Kó tètè wá láàárọ̀ kí NEPA tó mú iná.